Ọdún Tí A Tún Ìjàpá Bàbá Ṣe

Ọkọ̀ mẹ́rin péré ló wà ní àdúgbò wa ní Òsì nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀kan nínú wọn kò sì rìn mọ́. Èyí tí kò rìn mọ́ yẹn ni tiwa. Ìjàpá ni, ọkọ̀ kékeré tó rí róbótó lẹ́yìn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níbi tí ọkọ̀ mìíràn ń kó ẹrù sí. Bàbá tó bí bàbá mi ló ni ín. Tísà ni gbogbo ìlú ń pè é, torí ó ti kọ́ ìdajì ìlú ní ìwé, ó sì ti na ìdajì tó kù. Ó ti fẹ̀yìn tì kí n tó gbọ́njú, ṣùgbọ́n lọ́jọọjọ́ Ìsinmi ló máa ń wa ìjàpá yẹn lọ wàásù fún ìjọ kékeré kan ní Kòrò tí kò ní pásítọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ kò jìnnà, kò sì dára. Ìyàwó rẹ̀, ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú. Èmi á wà lẹ́yìn pẹ̀lú Bíbélì, agboòrùn, àti abọ́ oúnjẹ tí a máa jẹ lẹ́yìn ìsìn.

Yèyé kì í dákẹ́ nínú ọkọ̀. Bí Bàbá bá ti ṣíná ọkọ̀ báyìí, ẹnu tirẹ̀ náà á ṣí. "Tísà, ẹ rọra, ewúrẹ́ wà lọ́wọ́ òsì. Ẹ ò rí kòtò tí òjò gbẹ́ sọ́tùn-ún ni? Ẹ sún mọ́ ọwọ́ mi díẹ̀. Ó tó. Ìyá Ìyábọ̀ ló ń bọ̀ yẹn, ẹ kí i." Bàbá á sún, á kí Ìyá Ìyábọ̀, á yà fún ewúrẹ́. A kì í ti gíláàsì nítorí ooru, nítorí náà gbogbo ìlú ló ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Aláròyé. Àwọn obìnrin á máa wí lódò pé bó bá jẹ́ ọkọ àwọn ni àwọn ń ṣe báyẹn sí, ó ti dá àwọn padà sílé bàbá àwọn tipẹ́. Àwọn ọkùnrin ní sùúrù Tísà pọ̀ ju ti Jóòbù lọ. Yèyé gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi mìíràn, á wé gèlè rẹ̀, á jókòó síwájú, á tún bẹ̀rẹ̀.

Èmi tí mo wà lẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe àròyé. Ọmọdé tí kò ní iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ju kó di abọ́ mú lọ máa ń ráyè wo nǹkan. Mo rí i pé Bàbá kì í yà fún ewúrẹ́ àfi tí Yèyé bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan tí Yèyé ń mu ọsàn, tí ẹnu rẹ̀ kún, Bàbá dá ọkọ̀ dúró láàárín ọ̀nà, ó ń dúró dè é kó gbé e mì. Ojú Bàbá ti lọ. Kò lọ tán o. Ó mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn, bí ènìyàn bá sì dúró sí iwájú oòrùn, á mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bíbélì tó ń ṣí ní Kòrò yẹn, orí ló ti kà á sí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó kàn ń ṣí i nítorí ojú àwọn ènìyàn ni. Bí àwọn àgbà ìjọ bá fi mọ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á gba Kòrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á fún un ní àga onítìmùtìmù níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì máa ní kó dìde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá bẹ̀rù àga yẹn ju ikú lọ. Yèyé mọ̀, èmi náà mọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ jáde lẹ́nu nínú àwa méjèèjì.

Ohun tó wá ba ọkọ̀ jẹ́ ni pé Yèyé sín. A ń bọ̀ láti Kòrò, a ti fẹ́ dé ibi tí kùkùté igi kan ti yọ sí ojú ọ̀nà. Yèyé la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó sín. Ó tún la ẹnu, ó tún sín. Nígbà tó fi máa sín ìkẹta, a ti wà lórí kùkùté. Kò sẹ́ni tó ṣèṣe; ọbẹ̀ nìkan ló dà sí mi lára. Bàbá sọ fún àwọn tó sáré wá wò wá pé búrékì ló já. Jímọ̀ pánẹ́bítà, tó tún máa ń kun ọkọ̀, yẹ búrékì náà wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Bàbá ní kó tún un yẹ̀ wò. Ọmọ ilé ìwé Bàbá ni Jímọ̀ nígbà kan, nítorí náà ó tún un yẹ̀ wò, ó ní lóòótọ́ o, àfi bíi pé ó fẹ́ já.

Báyìí ni ọkọ̀ ṣe di ohun tó kàn jókòó sí iwájú ilé wa, tí imú rẹ̀ wọnú, tí ojú rẹ̀ kan sì ń wo òkè. Iṣẹ́ tèmi láàárọ̀ ni láti gbálẹ̀ yí i ká. Màmá mi á ti máa gún iyán lẹ́yìnkùlé, rédíò Bàbá á máa ké lọ́wọ́ kan, agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kejì, Yèyé á máa bá gbogbo wa wí lẹ́ẹ̀kan náà, a ò sì ní mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kan. Bàbá mi, Akin, àkọ́bí Yèyé, ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, kì í wálé àfi ní ìparí oṣù, nítorí náà ilé kún fún obìnrin àti ọmọdé. Bàbá tí kò ráyè lọ Kòrò mọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún wa. Ó ń wàásù lórí iṣu, ó ń wàásù lórí omi tí a pọn tí kò kún ìkòkò. Ìjọ Kòrò ránṣẹ́ pé àwọn ń retí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ fún wọn pé ọkọ̀ ló kù. Mo wò ó lọ́jọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀, ó ti rù, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an.

Nígbà Àjíǹde ni Bọ̀ọ̀dá Délé dé láti Èkó. Àbúrò bàbá mi ni, àbíkẹ́yìn Yèyé, ó sì ti rí iṣẹ́ tó dára. Ó ní òun máa tún ọkọ̀ náà ṣe. Gbogbo wa dúpẹ́. Ó wá mú àwòrán kan jáde látinú àpò rẹ̀: ìjàpá pupa, táyà rẹ̀ fẹ̀ bí ọlọ, gíláàsì rẹ̀ dúdú kirikiri, fèrè méjì lórí rẹ̀. Ó ní àtúnṣe lásán kò tó mọ́, pé ní Èkó, bí wọ́n bá fẹ́ tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe, ńṣe ni wọ́n ń sọ ọ́ di ọkọ̀ mìíràn. Ìyá mi ní bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìyípadà ni, kí wọ́n kúkú yọ àga ẹ̀yìn kúrò, kí òun lè máa fi kó iṣu lọ ta ní Òkè-Ọ̀pin. Wọ́n jọ ń wí tiwọn. Bàbá jókòó, ó gbé àwòrán náà sójú, ó ń mi orí bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Orí àwòrán wà nísàlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ tún un ṣe bó ṣe wà. Ẹ má fi nǹkan kan kún un, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò. Àwọ̀ ẹ̀kọ ló ní, àwọ̀ ẹ̀kọ ni kẹ́ ẹ kùn ún."

Bọ̀ọ̀dá Délé ní, "Bàbá, àwọ̀ yẹn ti di ti àwọn arúgbó."

"Èmi ńkọ́? Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i bó gun igi."

Yèyé, tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí, fi iwájú orí kan igbá ẹ̀wà kí a má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ó bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní, ṣé ẹni tó bá wà nínú gíláàsì dúdú yẹn lè rí ìta dáadáa. Bọ̀ọ̀dá Délé ní, díẹ̀díẹ̀. Yèyé ní kó má gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá sínú ilé yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á lè rò pé agídí àgbàlagbà lásán ni. Rárá o. Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà tí gbogbo onímọ́tò mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ra ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ gbé e wá fún àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ ló máa wà á yí ṣọ́ọ̀ṣì po lẹ́ẹ̀mẹta, pásítọ̀ á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú, àwọn obìnrin á máa kọrin tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bí o bá tún ọkọ̀ rẹ àtijọ́ ṣe, kò kan ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí o bá pa àwọ̀ rẹ̀ dà, ọkọ̀ tuntun ni lójú ìjọ, o gbọ́dọ̀ yí i po. Ẹ wá wò ó. Bí pásítọ̀ bá wà níwájú, níbo ni Yèyé á wà? Á wà láàárín àwọn obìnrin tó ń kọrin. Ta ni á sọ fún Bàbá pé ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ti dé? Àwọ̀ ẹ̀kọ yẹn, Kòrò ni. Bí àwọ̀ bá lọ, Kòrò lọ.

Ọkọ̀ náà ṣì wà títí di òní o. Ọmọ Bọ̀ọ̀dá Délé, tó ń gbé l'Ábújá, kọ̀wé sí mi lórí fóònù lóṣù tó kọjá. Ó ń bi mí pé ṣé kí òun dá a padà sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀ ni, àbí kí òun fi ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ́ńjìnnì tuntun sí i. Ó ní àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ máa ń jà gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé àwọn kan gbà pé ẹni tó bá pààrọ̀ ẹyọ nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ti dẹ́ṣẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ ẹni tó fẹ́ máa wà á fún mi. Ó ní òun ò tíì ronú débẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n á ti mọ àwọ̀ táyà kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Mo sọ fún un pé kó jẹ́ kí n ronú. Ìrònú náà ni mo ń rò yìí.

Lọ́dún yẹn, Bọ̀ọ̀dá Délé fi ẹnu gbà fún Bàbá, kò gbà lọ́kàn. Ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ Jímọ̀ lójú ọ̀nà Ìlọfà, ó pẹ́ níbẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Jímọ̀ na imú rẹ̀ jáde, ó lẹ ojú rẹ̀ mọ́ ibi tó yẹ kó wà, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀dà, Bọ̀ọ̀dá Délé gbé ọ̀dà pupa fún un. Jímọ̀ ní Tísà ò ní fara mọ́ ọn. Bọ̀ọ̀dá Délé ní bí Bàbá bá rí i tó ń dán lójú oòrùn, inú rẹ̀ á dùn, pé òun mọ bàbá òun. Ẹ má bínú sí i. Ó ti pẹ́ l'Ékòó, kò mọ ohun tó wà nílé.

Ọ̀sán gangan ni Jímọ̀ wà á dé. Gbogbo wa jáde. Pupa ni, pupa tí ènìyàn ò lè pè ní nǹkan mìíràn. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Bọ̀ọ̀dá Délé ti múra sílẹ̀ fún ìjà, ó ti kó àlàyé rẹ̀ jọ, mo rí i bó ṣe ń fi ètè kà á bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí. Bàbá jáde láti ilé, ó rọra rìn lọ sídìí ọkọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì, ó fi gbá a lọ títí dé òrùlé, ó yí i po dé ẹ̀yìn. Ó gbóòórùn ọ̀dà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó tì í, ó gbọ́ ìró rẹ̀. Ó wá dúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Délé, o ṣeun. O gbọ́ràn. Bó ṣe wà lọ́jọ́ tí mo rà á gan-an nìyí. Àwọ̀ ẹ̀kọ."

Ẹnu Bọ̀ọ̀dá Délé là sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kó jọ kò rí ẹni gbà á. Ó wo Bàbá, ó wo ọkọ̀, ó tún wo Bàbá. Yèyé dúró lẹ́yìn Bàbá, ó gbé ìka lé ètè, ó sì fi ojú yí gbogbo wa ká lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan Jímọ̀. Jímọ̀ ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, sà," ó yára lọ, kò tiẹ̀ dúró jẹun. Bọ̀ọ̀dá Délé bọ́ sẹ́yìn ilé. Mo bá a níbẹ̀ tó jókòó sórí odó tí wọ́n dà dé, tó ń sunkún bí ọmọdé. Ó bi mí pé láti ìgbà wo. Mo ní ó ti pẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ilé wa di ilé tí wọn kò ti ń dárúkọ pupa. Ìyá mi ní ẹni tó bá sọ ọ́ kò ní fojú kan ẹran títí di Kérésìmesì. Àwọn tó wá kí Bàbá kú orí ire ọkọ̀, Yèyé á ti pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, á ti bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ó ṣeé ṣe fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, pásítọ̀ gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

Ó ní, "Tísà, ọkọ̀ tuntun yín, ọjọ́ Ìsinmi yìí la ó gbàdúrà sí i o."

Bàbá ní, "Ọkọ̀ tuntun wo? Ọkọ̀ mi àtijọ́ ni mo tún ṣe."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Tísà."

Yèyé ní, "Pásítọ̀, iyán ti délẹ̀." Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán nílé rẹ̀, ṣùgbọ́n iyán ni iyán ń jẹ́. Ó jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bàbá nìkan ni kò fọwọ́ kan tirẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, àwọ̀ wo ni ọkọ̀ mi?"

Mo wo ẹ̀yìn, Yèyé wà lódò. Mo ronú nípa ẹran. Mo tún wo ojú Bàbá tó kọ sí ibi tí mi ò sí, mo sì rí i pé mi ò lè purọ́ fún un.

"Pupa ni, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí Jímọ̀ gbé e dé."

"Ọjọ́ tí mo ní àwọ̀ ẹ̀kọ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Irú pupa wo?"

"Bíi tòmáàtì."

"Ṣé ó dára?"

"Kò dára, Bàbá."

Ó ní òun mọ̀, Délé ò lójú àwọ̀ láti kékeré. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Èmi ni mo bú sẹ́kún. Ó na ọwọ́ wá orí mi títí ó fi kàn án, ó ní kí n dákẹ́, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó sọ ọ́ tán, ó ní, "Ìwọ náà gbọ́ ohun tí mo sọ."

Nígbà tí Yèyé dé láti odò, Bàbá ti ní kí gbogbo ilé pé jọ. Ó ní, "Mo gbọ́ pé ọkọ̀ mi pupa." Bọ̀ọ̀dá Délé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí Bàbá dárí ji òun, pé lọ́jọ́ Ajé òun á ní kí Jímọ̀ ha gbogbo rẹ̀ kúrò, kó dá a padà sí àwọ̀ ẹ̀kọ. Bàbá ní, "Fi í sílẹ̀. Ẹni tó máa wà á ni kó máa wò ó." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó nà án síwájú, kò nà án sí ẹnì kankan. Ìyá mi ló kọ́kọ́ gbà á, bóyá nítorí iṣu Òkè-Ọ̀pin ni, mi ò mọ̀. Bàbá ní lọ́la Délé ló máa wà á yí ṣọ́ọ̀ṣì po, òun á jókòó lẹ́yìn, òun á sì sọ fún ìjọ fúnra òun pé ojú òun ti lọ, kí wọ́n gbé àga wọn wá bí wọ́n bá fẹ́. Kí n má parọ́, wọn ò gbé àga kankan wá. Àwọn ará Kòrò ránṣẹ́ pé etí làwọn fi ń gbọ́ ìwàásù, kì í ṣe ojú. Bọ̀ọ̀dá Délé fi ọ̀sẹ̀ méjì kún ìsinmi rẹ̀ láti kọ́ ìyá mi ní ọkọ̀ wíwà, ìyá mi ló sì ń gbé Bàbá lọ wàásù, tiṣutiṣu.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an ni mi ò lè gbàgbé. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, Bàbá kọjú sí ibi tó gbọ́ mímí Yèyé. Ó sọ ọ́ kí gbogbo wa gbọ́, ó ní, "Ó tó ọdún mẹ́ta tí obìnrin yìí ti ń wa ọkọ̀ yẹn. Èmi kàn ń bá a di sítíárì rẹ̀ mú ni. Ìyá Akin, ó tó. Lọ sinmi." Yèyé ní iṣẹ́ wo ni òun ṣe tí wọ́n ń kí òun báyìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé omi tí òun pọn ṣì wà nílẹ̀, pé ta ló gbé agbada síbí, ohùn rẹ̀ wá ń kéré, ó ń kéré. Ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí, Tísà." Ó wọ yàrá, ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ odò lára, ó sùn. Mi ò tíì rí i kó sùn lọ́sàn-án rí. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo. Ó ní kí n bá òun gbé àga òun lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀, ó ń lé àwọn adìyẹ tí kò rí.